Ẹsẹ̀ ló ń jó alátọ̀gbẹ, ṣùgbọ́n ọ̀ràn náà dé ọ̀pá ẹ̀yìn

Ó ti sú mi láti máa gbọ́ ọ. Alátọ̀gbẹ á ní àtẹ́lẹsẹ̀ òun ń jó òun, tàbí pé ó ti kú tipiri, àwọn ará ilé á sì dá a lóhùn pé ẹ̀jẹ̀ ni kò dé ẹsẹ̀. Wọ́n á gbé omi gbígbóná kalẹ̀, wọ́n á fi àdí pa á, wọ́n á ní kó máa na ẹsẹ̀ sókè. Bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ ẹ̀yìn, wọ́n á ní àtọ̀gbẹ kò bá ẹ̀yìn jà, ẹsẹ̀ ló mọ̀. Àwọn kan tiẹ̀ ní oògùn ló tẹ̀ mọ́lẹ̀; mi ò ní jókòó ti ìyẹn.

Òótọ́ ni pé àtọ̀gbẹ máa ń dí ojú ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ ní ẹsẹ̀. Àìsàn ọ̀tọ̀ nìyẹn, ó sì ní àyẹ̀wò tirẹ̀. Iṣan tí a fi ń mọ nǹkan lára ni mò ń sọ níbí.

Sẹ́ẹ̀lì tó ni iṣan tí ẹ fi ń mọ̀ pé ẹ tẹ òkúta kò sí ní ẹsẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ eegun ẹ̀yìn ló wà, ní àdúgbò ìbàdí. Ibẹ̀ ló ti na apá kan lọ sí ọmọ ìka ẹsẹ̀, èyí tó lè gùn tó mítà kan. Ó na apá kejì wọ inú mùdùnmúdùn ọ̀pá ẹ̀yìn, ìyẹn okùn iṣan tó wà nínú eegun ẹ̀yìn, apá yìí á sì gòkè lọ títí dé ìpakọ́, níbi tí ọpọlọ ti bẹ̀rẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ló ń bọ́ gbogbo gígùn yìí. Bí ṣúgà bá pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, agbára rẹ̀ á dín kù, ibi tó jìnnà jù ni yóò sì kọ́kọ́ jìyà, bí igi tí gbòǹgbò rẹ̀ kò rómi mu ṣe ń gbẹ láti ṣóńṣó ẹ̀ka. Ìdí nìyí tí ó fi ń bẹ̀rẹ̀ láti ọmọ ìka ẹsẹ̀ méjèèjì, tí ó sì máa ń sún mọ́ orúnkún kí ọmọ ìka ọwọ́ tó bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀.

Mùdùnmúdùn náà fúnra rẹ̀ kò yọ sílẹ̀. Lọ́dún 2001, àwọn dókítà ní Sheffield, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi ẹ̀rọ MRI, tó ń ya àwòrán inú ara, wo ọrùn àwọn alátọ̀gbẹ tí iṣan ẹsẹ̀ wọn ti bàjẹ́. Wọ́n rí i pé mùdùnmúdùn ọ̀pá ẹ̀yìn wọn tín-ín-rín ju ti àwọn tí ara wọn dá lọ. Ọrùn ni mo wí o, ibi tó jìnnà sí ẹsẹ̀. Nígbà tó di 2006, wọ́n tún fi hàn pé ó ti ń tín-ín-rín lára àwọn tí ìbàjẹ́ iṣan wọn kò tíì hàn sí ojú lásán. Wọn kò tíì fẹnu kò bóyá ìbàjẹ́ ẹsẹ̀ ló ń gòkè lọ ba ẹ̀yìn jẹ́, tàbí ṣúgà ń ba méjèèjì jẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí ó wù kó jẹ́, àdí tí a fi pa àtẹ́lẹsẹ̀ kò lè dé ibẹ̀.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ọ̀rọ̀ "ó ti san, kò jó mi mọ́." Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, iṣan tó ń gbé ìrora náà lọ sí ọpọlọ ló ti kú. Ẹ jẹ́ kí nọ́ọ̀sì gbé irin tí wọ́n ń lù kó máa gbọ̀n sórí eegun ọmọ ìka ẹsẹ̀ yín. Apá ẹ̀yìn mùdùnmúdùn náà ni ìmọ̀ pé nǹkan ń gbọ̀n ń gbà dé ọpọlọ. Bí ẹ kò bá mọ̀ pé irin náà ń gbọ̀n, ara ò tíì yá, bó ti wù kí ẹsẹ̀ náà dákẹ́ tó.

Ohun kan tún wà tí mi ò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún àwọn ìyá àti bàbá wa. Metformin, oògùn tí ọ̀pọ̀ alátọ̀gbẹ ń lò, lè dín bí ìfun ṣe ń gba fítámì B12 kù, pàápàá bí ìwọ̀n rẹ̀ bá pọ̀ tí a sì ti lò ó fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àìtó B12 sì máa ń ba apá ẹ̀yìn mùdùnmúdùn yẹn kan náà jẹ́: ẹsẹ̀ á máa ta èèyàn, á kú, ìrìn á máa ta gọ́ọ́gọ̀ọ̀ nínú òkùnkùn. Ó jọ ti àtọ̀gbẹ débi pé gbogbo ilé á gbà pé ṣúgà ni. Lọ́dún 2022, àjọ tó ń bójú tó oògùn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kìlọ̀ fún àwọn dókítà pé kí wọ́n máa yẹ B12 wò lára ẹni tó ń lo metformin bí àmì rẹ̀ bá yọ. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ pọ̀: a lè fi abẹ́rẹ́ tàbí oògùn dá B12 padà, ẹni tó bá sì tètè bẹ̀rẹ̀ lè gba ìmọ̀lára rẹ̀ padà. Ẹni tó bá pẹ́ jù lè má rí gbogbo rẹ̀ gbà.

Ọ̀pọ̀ èèyàn wá ń ra oògùn ẹ̀jẹ̀ tó ní folic acid. Ìyẹn lè mú kí ẹ̀jẹ̀ gbé sókè, kí àyẹ̀wò sì dára, nígbà tí àìtó B12 ṣì ń ba ọ̀pá ẹ̀yìn jẹ́ lábẹ́lẹ̀. Àwọn mìíràn ń kó àkópọ̀ fítámì B jẹ láìwọ̀n. B6 tó bá pọ̀ jù máa ń ba sẹ́ẹ̀lì ẹ̀gbẹ́ eegun ẹ̀yìn yẹn jẹ́ fúnra rẹ̀. Ẹ má ṣe dá metformin dúró o. Ẹ ní kí wọ́n yẹ B12 wò.

Kì í sì í ṣe gbogbo ẹsẹ̀ tó ń jó ni ti àtọ̀gbẹ. Ní Ìbàdàn, Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun kọ̀wé lọ́dún 1968 nípa àwọn aláìsàn tí ẹsẹ̀ wọn ń jó, tí ìrìn wọn ń mì, tí ojú àti etí àwọn kan nínú wọn ń kú lọ. Ó so ó mọ́ májèlé inú ẹ̀gẹ́ tí a kò ṣe jinná dáadáa. Àwọn olùwádìí tó tẹ̀ lé e ti jiyàn lórí ìyẹn.

Ṣé dídarí ṣúgà wá lè gba iṣan wọ̀nyí sílẹ̀? Ìwádìí ńlá kan ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, láti 1983 sí 1993, fi hàn pé ó dín ìbàjẹ́ iṣan kù ní nǹkan bí ìdá 60 nínú 100, ṣùgbọ́n lára oríṣi àtọ̀gbẹ kìíní ni. Lára oríṣi kejì, èyí tó wọ́pọ̀ láàárín wa, èrè rẹ̀ kéré sí bẹ́ẹ̀. Ó ṣì tó láti ṣe.

Ní ti omi gbígbóná, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹsẹ̀ tí kò mọ iná á bó kó tó mọ̀. Bí ẹsẹ̀ bá sì rọ lójijì, tàbí ìtọ̀ kọ̀ tí kò jáde, tàbí abẹ́ kú, àtọ̀gbẹ kì í sábà ṣe bẹ́ẹ̀. Ó lè jẹ́ pé nǹkan mìíràn ló ń tẹ mùdùnmúdùn ọ̀pá ẹ̀yìn mọ́lẹ̀, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ dé ilé ìwòsàn.