“Kò Rántí Mọ́, Kí Ló Fẹ́ Bà Á Nínú Jẹ́?”

Ẹbí máa ń sọ ọ́ láti fi tu ara wọn nínú: bí iyè ẹnì kan bá ti ra (ohun tí àwọn dókítà ń pè ní dementia), ìbànújẹ́ náà ti bá a lọ nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 2014, àwọn olùwádìí Yunifásítì Iowa ní Amẹ́ríkà ní kí àwọn tó ní Alzheimer, àìsàn ọpọlọ tó máa ń mú kí iyè ra, wo fíìmù tó ń pani lẹ́kún. Kò pẹ́ tí púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n wò fi pòórá lọ́kàn wọn, àmọ́ ìbànújẹ́ rẹ̀ ṣì wà lára wọn. Ohun tó fa ẹkún ti lọ, ẹkún kò tíì tán.

Ẹni tí iyè rẹ̀ ra, tó tún sorí kọ́ (depression), kì í sábà sọ pé inú òun bàjẹ́. Ìkanra lẹ ó rí, tàbí kó kọ oúnjẹ, kó máa jí láàjìn láìrí oorun sùn mọ́, kó máa ní ẹrù ni òun jẹ́ fún gbogbo yín. Ìdákẹ́ nìkan kò tó fi mọ̀ ọ́n, torí iyè ríra fúnra rẹ̀ a máa pa ìfẹ́ sí nǹkan. Ẹni tí ìyẹn ń ṣe lè jókòó láti àárọ̀ dalẹ́ láìsí ìbànújẹ́ kankan. Ẹ fà á lọ́wọ́, á tẹ̀ lé yín, ó tiẹ̀ lè rẹ́rìn-ín. Àmọ́ ẹni tó sorí kọ́, ẹ gbé ohun tó fẹ́ràn jù lọ wá, ó lè má túraká.

Ìwọ̀n Cornell, tí wọ́n fi ń wọn ìsoríkọ́ lára ẹni tí iyè rẹ̀ ra, tó sì ti wà láti 1988, bá ọ̀rọ̀ yìí mu. Ìbéèrè 19 ni, òǹkà 0 sí 2 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn ni wọ́n sì máa ń kọ́kọ́ bi nípa ọ̀sẹ̀ kan tó kọjá. Bí àpapọ̀ bá ju 10 lọ, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìsoríkọ́ tó le.

Ẹ má tíì sáré ra oògùn o. Ìrora tí kò lè sọ, àìrígbẹ́yà, àìtó ẹ̀jẹ̀, àìtó fítámì B12, àìsàn thyroid (ẹṣẹ́ kan tó wà lọ́rùn), kódà ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ tí bátìrì rẹ̀ ti kú, gbogbo wọn ló lè jọ ìsoríkọ́. Bó bá jẹ́ pé láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ló yí padà, kí dókítà rí i lọ́jọ́ náà; ó lè jẹ́ kòkòrò àrùn ló wọ ara.

Wọ́n dán oògùn ìsoríkọ́ méjì, sertraline àti mirtazapine, wò lára ènìyàn 326 ní England, èsì rẹ̀ jáde ní 2011. Ní ọ̀sẹ̀ kẹtàlá, ara àwọn tó lo oògùn kò yá ju ti àwọn tó gbé hóró tí kò ní nǹkan kan nínú mì, ìpalára oògùn nìkan ni wọ́n fi jù wọ́n lọ. Ìdí nìyí tí ìlànà NICE, àjọ tó ń ṣe ìlànà ìtọ́jú ní Bìrìtìkó, láti 2018, fi ní kí wọ́n má kàn máa kọ ọ́ fún ìsoríkọ́ tí kò le púpọ̀ lára ẹni tí iyè rẹ̀ kò tíì ra jìnnà. Tó bá le, tàbí tó ti ní in ṣáájú kí iyè tó ra, ọ̀rọ̀ míì nìyẹn, àmọ́ kí wọ́n yẹ iyọ̀ sodium inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò ní àwọn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, torí bó bá lọ sílẹ̀, aláìsàn á máa ṣubú, ọkàn rẹ̀ á sì dàrú sí i. Amitriptyline, oògùn ìsoríkọ́ àtijọ́ kan, ló ń bí mi nínú jù: ó ń dí acetylcholine, èròjà tí ọpọlọ fi ń rántí nǹkan, lọ́nà, ohun náà gan-an tí donepezil, oògùn iyè ríra, ń gbìyànjú láti fi kún un nínú ọpọlọ. Ẹni tó bá sì ti ń lo oògùn ìsoríkọ́ kò gbọdọ̀ dá a dúró lójijì. Díẹ̀díẹ̀ ni dókítà ń dín in kù.

Ohun tó ń ṣiṣẹ́ jù kò lówó nínú, sùúrù ló gbà: rírìn, orin àtijọ́, àti iṣẹ́ kékeré ní àkókò kan náà lójoojúmọ́, ogún ìṣẹ́jú sí ọgbọ̀n. Ká ní ẹ fẹ́ kó ká aṣọ. Ẹ má da òkìtì aṣọ síwájú rẹ̀, yóò sú u kó tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ nà án ní ẹyọ kan, ẹ ká tiyín lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kó máa wò ó, ẹ dúró kó parí kẹ́ ẹ tó na òmíì. Bí kò bá tiẹ̀ ká a dáadáa, ẹ gbé e sórí tàwọn yòókù bẹ́ẹ̀. Ẹ má tún un ká lójú rẹ̀.