Bí Èèyàn Ṣe Lè Mọ̀ Bóyá Aṣọ Máa Yọ Àwọ̀ Kó Tó Rì Í Bọmi

Kọ́tìnì, bẹ́ẹ̀díṣíìtì, ìbòrí àga, àpò ìrọ̀rí, ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ń gé ní yáàdì ní Balógun tàbí Tẹ̀júoṣó tí télọ̀ wá rán, kò ní lébẹ̀lì kankan tó máa sọ bó ṣe yẹ kí wọ́n fọ̀ ọ́. Aṣọ náà fúnra ẹ̀ ló máa sọ ọ́, téèyàn bá dán an wò dáadáa. Dídán an wò ò le, àmọ́ ààbọ̀ ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ṣe: wọ́n á pa omi lásán sí etí aṣọ, wọ́n á wo ọwọ́ wọn, ọwọ́ ò ní nǹkan kan, ó parí nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ omi lásán kọ́ ni wọ́n máa fi fọ̀ ọ́ o, ọṣẹ máa wà ńbẹ̀, á pẹ́ nínú omi, wọ́n á fún un, oòrùn àti áyọ́ọ̀nù ṣì ń bọ̀.

Bí aró kan ṣe ń di aṣọ mú kọ́ ni òmíì ń ṣe. Èyí tí wọ́n ń pè ní reactive dye, tó dé ọjà ní 1956, máa ń so mọ́ òwú gan-an débi pé fífọ̀ lásán ò lè tú u, àmọ́ kì í ṣe gbogbo aró tí wọ́n dà sí i ló máa ń so, èyí tó ṣẹ́kù kàn wà lórí aṣọ ni, tí ilé iṣẹ́ ò bá wá ṣàn án dáadáa, ẹni tó rà á ló máa bá wọn ṣàn án nínú bàsíà tiẹ̀. Direct dye ní tiẹ̀ kàn rọ̀ mọ́ òwú ni, omi gbígbóná àti ọṣẹ tètè máa ń mú un kúrò. Aró ẹlú tó wà lára àdìrẹ tún yàtọ̀ pátápátá. Kì í yòrò nínú omi lásán, inú ìkòkò aró ni wọ́n ti ń sọ ọ́ di ohun tó lè wọnú òwú, tí aṣọ bá wá jáde tí afẹ́fẹ́ kàn án, á padà di búlúù, á sì dì sí ojú òwú níta níta. Ìdí nìyẹn tí àdìrẹ fi lè má ba omi jẹ́ púpọ̀, síbẹ̀ kó kun àga funfun tí wọ́n tẹ́ ẹ lé.

Torí náà, ibi tójú ò tó ni kẹ́ ẹ ti dán an wò, abẹ́ ìṣẹ́tí, inú ojú ìrán, ẹ̀yìn kúṣìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ síìpù. Ẹ kọ́kọ́ fi aṣọ funfun gbígbẹ ra ibẹ̀ dáadáa. Lẹ́yìn náà, ọṣẹ tẹ́ ẹ máa lò gan-an, bẹ́ ẹ ṣe máa pò ó gan-an, nínú omi tẹ́ ẹ máa fi fọ̀ ọ́ (tó bá jẹ́ ti bọ́ọ̀hóòlù, ti bọ́ọ̀hóòlù náà ni o, èyí tó ní ìdọ̀tí irin nínú lè fi àmì tiẹ̀ sílẹ̀), ẹ kán an síbẹ̀, ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú 5 sí 10. Síńgílẹ́ẹ̀tì funfun tó ti gbó dáa fún un ju tíṣù lọ. Ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, kẹ́ ẹ wá fi ra ibẹ̀. Ní láàbù, ìlànà ISO 105-X12 ni wọ́n fi ń ṣe ti rírà yìí, ẹ̀rọ á fi aṣọ funfun rà á lọ rà á bọ̀ nígbà 10, ní gbígbẹ àti ní tútù, wọ́n á wá fún un ní máàkì láti 1 dé 5, 5 ló dáa jù.

Tí aṣọ bá ní àwọ̀ mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀mẹta lẹ máa dán an wò. Aṣọ òkè ni mo ní lọ́kàn jù, torí òwú tó wà lára ẹ̀ lè wá láti ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, pupa á yọ, búlúù ò ní yọ.

Kẹ́ ẹ tó dájọ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ, torí aṣọ tútù máa ń dúdú ju bó ṣe rí lọ, ẹ sì wò ó lójú fèrèsé, iná bọ́ọ̀bù máa ń tanni. Nǹkan méjì lẹ máa wò o, aṣọ funfun yẹn àti ojú ibi tẹ́ ẹ ti dán an wò. Bílíìsì ló fà á tí mo fi ń tẹnu mọ́ èyí. Ńṣe ló máa ń pa àwọ̀ run síbi tó wà, aṣọ funfun ẹ lè mọ́ tónítóní kí kọ́tìnì sì ti ṣá.

Tí àwọ̀ díẹ̀ bá ti ta sí aṣọ funfun, ẹ mú òmíì, ẹ tún un ṣe níbì kan náà. Tó bá ti ń dínkù, àṣẹ́kù aró ni, ẹ dá a fọ̀ lọ́tọ̀ nínú omi tútù títí omi á fi mọ́. Tí kò bá dínkù, ẹ má rì í bọmi rárá, ẹ gbé e fún alágbàfọ̀ tó mọ dírákílínì, kí òun náà fi kẹ́míkà tiẹ̀ dán an wò. Iyọ̀ àti fíníkà tí wọ́n ní kéèyàn dà sí i ò lè dá aró yẹn dúró. Inú ìkòkò aró ni iyọ̀ ti wúlò, kì í ṣe lẹ́yìn tí aṣọ ti dé ilé. Ẹ má sì po fíníkà mọ́ bílíìsì láé, gáàsì tó máa jáde níbẹ̀ léwu gan-an.

Èyí tó yege náà, ẹ má fi í sílẹ̀ ní tútù nínú òkìtì pẹ̀lú aṣọ míì, pàápàá lásìkò òjò tí nǹkan kì í gbẹ bọ̀rọ̀ l'Ékòó, bí wọ́n bá ṣe pẹ́ lára wọn tó ni àwọ̀ ṣe máa ta sí ara wọn tó.

Àga tí aṣọ ẹ̀ ò ṣeé bọ́ ló gba sùúrù jù. Omi tó bá wọ fóòmù, bó ṣe ń gbẹ ló ń fa àwọ̀ wá sí eteetí, á fi òrùka sílẹ̀ síbẹ̀. Ìfófòó ọṣẹ nìkan ni kẹ́ ẹ fi dán an wò, kì í ṣe omi ẹ̀, kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan iwájú àga.