"Iṣẹ́ Èṣù Ni, Olúwa Mi"

Kò sí lọ́yà tó ń gba ẹjọ́ ìwà ọ̀daràn rò nílẹ̀ wa tí kò tíì gbọ́ ọ: "Iṣẹ́ èṣù ni." Ó máa ń wà nínú sítétímẹ́ǹtì afurasí ní àgọ́ ọlọ́pàá, ìyá rẹ̀ náà á sì máa fi sunkún lẹ́nu ọ̀nà kóòtù. (Èṣù Láàlú kọ́ ni mò ń wí o, kí àwọn olóòṣà má bínú.)

Kóòtù kì í bá èṣù ṣẹjọ́. Bí ọkàn ẹni tó hùwà náà ṣe wà nígbà tó hù ú ni adájọ́ ń wá. Abala 28 Ìwé Òfin Ìwà Ọ̀daràn, tí wọ́n ń lò ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ gúúsù Nàìjíríà, là á sílẹ̀: bí àìsàn ọpọlọ kò bá jẹ́ kéèyàn mọ ohun tó ń ṣe, tàbí kó lè kó ara rẹ̀ níjàánu, tàbí kó mọ̀ pé kò yẹ kóun ṣe é, kò jẹ̀bi. Ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó. Ṣùgbọ́n abala 27 ti gbà tẹ́lẹ̀ pé orí gbogbo wa pé. Ẹni tó bá ní tòun ò pé ni yóò fìdí ẹ̀ múlẹ̀.

Ibẹ̀ ni nǹkan ti ń le. Agbẹjọ́rò ìjọba á dìde: "O ní èṣù ló gbé àdá lé ọ lọ́wọ́. Ta ló wá fọ ẹ̀jẹ̀ ara àdá náà? Ta ló fi í pamọ́ sínú àjà?" Ẹni tó mọ̀ pé ó yẹ kóun fi nǹkan pamọ́ ti mọ̀ pé ohun tóun ṣe ò dáa.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti àjẹ́. Nínú ẹjọ́ Gadam lọ́dún 1954, ọkùnrin kan ṣekú pani torí ó gbà pé wọ́n fi àjẹ́ bá ìyàwó òun jà. Kóòtù Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní bí ìgbàgbọ́ kan tilẹ̀ gbilẹ̀ láàárín ará ìlú, ìyẹn ò sọ ọ́ di ohun tó bọ́gbọ́n mu. Kódà, pípe ẹnìkejì ní àjẹ́ lè fa ẹ̀wọ̀n ọdún méjì lábẹ́ abala 210.

Àwọn tí ara wọn ò yá lóòótọ́ ni "iṣẹ́ èṣù" ń pa lára jù, àwọn tó ń gbọ́ ohùn tẹ́lòmíì ò gbọ́. Ẹbí á gbé wọn lọ sórí òkè àdúrà dípò ilé ìwòsàn ọpọlọ ní Aro. Nígbà tí ẹjọ́ bá dé, kò ní sí káàdì ilé ìwòsàn kankan láti fi hàn. Bó bá jẹ́ èèyàn yín ni, ẹ sọ fún lọ́yà lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ ní kí dókítà ọpọlọ yẹ̀ ẹ́ wò kíákíá, kẹ́ ẹ sì wá aládùúgbò tó ti rí i rí nígbà tó ń dá sọ̀rọ̀ kiri. Bí irú àìsàn bẹ́ẹ̀ bá ti wà nínú ìdílé rí, ẹ̀rí ni. Mo mọ̀ pé torí kí ọmọ yín lè rí ọkọ fẹ́ lẹ ṣe ń bò ó, ṣùgbọ́n ẹ sọ ọ́.