Kápúsù inú oúnjẹ ọmọ ẹlẹ́dẹ̀: ta là ń pa?

Ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ mọ́kànlá ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú nílé ẹran Màmá kan lójú ọ̀nà Òṣú, kété téèyàn bá ti jáde nílùú Iléṣà. Mo bá Màmá níbi tí wọ́n ti ń tú kápúsù pupa òun yẹ́lò, tí wọ́n ń gbọn ìyẹ̀fun inú rẹ̀ sórí oúnjẹ nínú bàsíà. Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá. Ṣé ara àwọn ọmọ wọ̀nyí ò yá ni?" Wọ́n ní, "Ara wọn le koko, ọmọ mi. Mo fẹ́ fọ inú wọn kí ìgbẹ́ gbuuru tó dé ni. Inú tó bá mọ́, àìsàn ò ní ríbi dúró sí."

Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ni mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò, torí kì í ṣe Màmá nìkan ló gbà á gbọ́. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó ti ń sin ẹlẹ́dẹ̀ fún ogún ọdún, mo sì ti gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó ń ta oògùn ẹran. Ohun tí wọ́n ń pè ní fífọ inú, pípa ni. Ìbéèrè ibẹ̀ ni pé ta là ń pa.

Kò sí ẹlẹ́dẹ̀ tí inú rẹ̀ kò ní kòkòrò àìfojúrí, àfi èyí tí àwọn onímọ̀ bá fi iṣẹ́ abẹ gbé jáde tí wọ́n sì sìn sínú yàrá tí afẹ́fẹ́ gan-an ti gba inú asẹ́ kọjá. Ẹlẹ́dẹ̀ tiwa ń bá kòkòrò pàdé láti ojú ara ìyá rẹ̀. Ó bọ́ sílẹ̀, ó fi imú tú ilẹ̀, ó fẹnu kan ìgbẹ́ ìyá rẹ̀, ó fẹnu kan ọmú. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, ìfun rẹ̀ ti kún. Wàrà ìyá rẹ̀ ló ń yan àwọn tí yóò jọba níbẹ̀. Ṣúgà kan wà nínú wàrà tí ìdílé kòkòrò tí wọ́n ń pè ní Lactobacillus fẹ́ràn. Wọ́n á jẹ ṣúgà náà, wọ́n á sọ ọ́ di asídì, inú ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ á sì kan.

Ẹ̀yin tó ń ṣe ògì nílé mọ iṣẹ́ yìí. Ẹ rẹ àgbàdo, ẹ lọ̀ ọ́, ẹ sẹ́ ẹ, ó silẹ̀, omi orí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kan. Ìdílé Lactobacillus kan náà ló wà nídìí ìkan yẹn, òun ni kò sì jẹ́ kí ògì tètè rà. Kò sí ìyá tí yóò da Ísàálì sínú ìkòkò ògì kó lè mọ́. Bó bá dà á sí i, àwọn tó ń mú un kan ni yóò kọ́kọ́ kú, èyí tó bá wọlé tẹ̀ lé wọn á sì mú un rà.

Ikùn ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ fúnra rẹ̀ kò tíì lè ṣe asídì tó pọ̀ tó láwọn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ìkan tó ń ti inú wàrà wá ló gbẹ́kẹ̀ lé. Ẹlẹ́dẹ̀ inú igbó máa ń fi ọmú sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin. Lọ́dọ̀ tiwa, ọjọ́ kan ṣoṣo ni a ó gbé ìyá kúrò. Wàrà tán, ṣúgà inú rẹ̀ tán, èròjà tó ń gbógun ti àìsàn tí ìyá ń fi wàrà bo ìfun ọmọ náà tán. Ìbẹ̀rù mú ọmọ náà, kò jẹun fún ọjọ́ kan tàbí méjì, àwọn ìka tíntìntín tó ń fa oúnjẹ lára ìfun rẹ̀ sì kúrú. Nígbà tó bá wá jẹun, àjẹkì ni, ọ̀pọ̀ rẹ̀ á sì wọ́ kọjá láìdà.

Àsìkò yìí ni kòkòrò ìfun kan tí wọ́n ń pè ní E. coli ń dìde. Kì í ṣe pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Ó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, àwọn tó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ló dín kù. Irú rẹ̀ tó burú ní ohun bí ìkọ́ lára, ó ń fi í gbá ara ìfun mú, ó sì ń tu májèlé tó ń mú kí ìfun máa da omi ara jáde. Omi àti iyọ̀ tó bá ìgbẹ́ lọ ló ń pa ọmọ ẹlẹ́dẹ̀.

Ẹ wá gbé kápúsù Màmá wọ inú ọ̀rọ̀ yìí. Tẹtirasáíkílìn ni, ọ̀kan lára àwọn oògùn apakòkòrò tí wọ́n ń pè ní àǹtíbáyótíìkì. Oògùn yìí kì í bèèrè ta ni ọ̀rẹ́, ta ni ọ̀tá. Ohun tó tún burú ni pé E. coli inú ẹlẹ́dẹ̀ wà lára àwọn kòkòrò tó ti kọ́ bí a ṣe ń la tẹtirasáíkílìn já, káàkiri ayé. Nítorí náà ẹ̀ṣọ́ ni oògùn náà ń pa, olè ń wò ó. Kápúsù tí a sì wọ́n sínú bàsíà kò ní ìwọ̀n: èyí tó sanra jù ló ń jẹ jù, àwọn aláìlágbára ń tọ́ ọ wò lásán, ìwọ̀n kékeré bẹ́ẹ̀ gan-an ló sì ń kọ́ kòkòrò lẹ́kọ̀ọ́.

N ò ní sọ pé òfìfo ni ìgbàgbọ́ yìí ti wá. Ní nǹkan bí 1948 sí 1950, àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà rí i pé adìẹ àti ẹlẹ́dẹ̀ tó ń jẹ àǹtíbáyótíìkì díẹ̀ nínú oúnjẹ ń yára dàgbà. Òtítọ́ ni, gbogbo ayé sì tẹ̀ lé e. Swídìnì fi òfin dá a dúró ní 1986, Ìṣọ̀kan Yúróòpù dá a dúró pátápátá ní oṣù kìíní 2006. Nígbà tí Dẹ́nmáàkì yọ ọ́ kúrò nínú oúnjẹ àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú, ìgbẹ́ gbuuru pọ̀ sí i fún ìgbà kan. Ó dára ká mọ ìyẹn: ẹni tó bá kàn ju kápúsù nù láìtún nǹkan mìíràn ṣe lè kábàámọ̀. Wọ́n fi síńkì rọ́pò, nǹkan bíi gírámù 2.5 nínú kílò oúnjẹ kan fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ó ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ìgbẹ́ ẹlẹ́dẹ̀ ń kó síńkì sínú ilẹ̀ oko, Ìṣọ̀kan Yúróòpù sì dá òun náà dúró ní oṣù kẹfà 2022. Ní 2015, àwọn onímọ̀ ní Ṣáínà kéde pé wọ́n rí àbùdá kan (jíìnì) lára E. coli ẹlẹ́dẹ̀ tó ń sọ kolisítìn di aláìlágbára, ó sì lè fò láti ara kòkòrò kan sí òmíràn. Kolisítìn wà lára oògùn tí dókítà ènìyàn ń fi sí ìkẹyìn, nígbà tí gbogbo ìyókù bá ti kùnà. Èyí ló ń dùn mí jù. Ìgbẹ́ ẹlẹ́dẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ń dà sí ebè ẹ̀fọ́ létí odò.

Kí la wá lè fi sínú oúnjẹ? Ohun tó ń bọ́ ẹ̀ṣọ́ ni. Ẹ da àgbàdo lílọ̀ tàbí eèrí pọ̀ mọ́ omi ìlọ́po méjì àti ààbọ̀ nínú korobá tó ní ìdérí, ẹ bu omi ògì kíkan sí i, kó wà bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Ooru Iléṣà tó o. Bó bá ń rùn bí ògì, ẹ fún wọn. Bó bá ń rùn bí ọtí tàbí ohun tó rà, ẹ dà á nù. Ọkà nìkan ni kẹ́ ẹ jẹ́ kó kan. Sóyà àti láísìnì (èròjà purotéènì kan tí a ń rà pò mọ́ oúnjẹ ẹran), ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ jẹun gan-an ni kẹ́ ẹ pò ó mọ́ ọn, torí àwọn kòkòrò inú korobá máa ń jẹ láísìnì.

Ẹ dín sóyà kù fún ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, kí purotéènì wà ní nǹkan bí 18 nínú ọgọ́rùn-ún. Mo mọ̀ pé a fẹ́ kí wọ́n tètè tóbi, ṣùgbọ́n purotéènì tí kò dà ń sún dé ìsàlẹ̀ ìfun, àwọn kòkòrò tó ń mú nǹkan rà ló sì ń jẹ ẹ́. Sóyà tútù ò yẹ wọ́n rárá, ẹ yan án. Ẹ má sì jẹ́ kí òkúta ẹfun pọ̀, ó ń pa ìkan inú ikùn.

Háhá ọkà láti ilé iṣẹ́ bíà Iléṣà, tó ti ń pọn ọtí láti 1978, wúlò níwọ̀nba. Kòkòrò ìsàlẹ̀ ìfun ń sọ okùn inú rẹ̀ (fáíbà) di oúnjẹ fún ara ìfun fúnra rẹ̀. Ìwọ̀nba ni mo wí, ọmọ kékeré ò lè da púpọ̀, èyí tó tutù sì ń bu láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ní ti àwọn ìyẹ̀fun kòkòrò rere tí wọ́n ń tà nínú ọ̀rá, bí oòrùn bá ti pa wọ́n lórí káńtà, eruku lẹ rà.

Bí ọmọ kan bá ti ń yà gbuuru, omi tó mọ́ tí a fi iyọ̀ àti ṣúgà sí ló kàn kíákíá. Bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú rẹ̀, tàbí tí kò lè dìde, dókítà ẹran ni. Nígbà náà àǹtíbáyótíìkì lè gba ẹ̀mí là, ní ìwọ̀n tó yẹ àti fún iye ọjọ́ tó yẹ.

Màmá gbọ́ mi tán, wọ́n wo bàsíà, wọ́n wò mí. Wọ́n ní, "Ògì tí mo sẹ́ níjẹta ńkọ́, ṣé omi orí rẹ̀ á ṣe é?" Mo ní, "Yóò ṣe é, Màmá. Bí ife kan nínú korobá, ẹ bò ó. Bó bá di ọ̀túnla, ẹ kọ́kọ́ fún mẹ́ta lára wọn jẹ, ká jọ wo ìgbẹ́ wọn láàárọ̀ ọjọ́ kejì."