Bí Mega Swim Ṣe Bẹ̀rẹ̀: Wákàtí 24 Nínú Omi Nítorí Àwọn Tó Ní MS

Ọ̀rọ̀ ẹnu dókítà kan ló bí Mega Swim, ká sọ ọ́ bó ṣe rí. Lọ́dún 1998, ní ìlú Melbourne lórílẹ̀-èdè Ọsirélíà, wọ́n sọ fún obìnrin kan tó ń jẹ́ Carol Cooke pé multiple sclerosis, ìyẹn àìsàn tí gbogbo ayé kúkú ń pè ní MS, ló ń ṣe é. Dókítà ò fi mọ síbẹ̀ o, ó ní kó lọ ṣètò ilé ẹ̀ àti ohun ìní ẹ̀, torí tó bá fi máa tó ọdún 10 sí i ó ṣeé ṣe kó ti wà nílé tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tí ò lè dá nǹkan ṣe mọ́. Obìnrin yìí ò sì tíì pé ogójì ọdún! Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ẹ̀, ní 2001, ló kó àwọn èèyàn jọ pé kí wọ́n wọ pọ́ọ̀lù, kí wọ́n máa lúwẹ̀ẹ́ fún odindi wákàtí 24, kí wọ́n fi dáwó fún àwọn tó ní MS.

Ṣé ẹ mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo èèyàn lèèyàn lè sọ irú ọ̀rọ̀ dókítà yẹn fún kó gbà, ẹ jẹ́ n sọ irú ẹni tí Carol jẹ́. Ọmọ Toronto ni, ní Kánádà, òmùwẹ̀ sì ni láti kékeré, débi tó fi wà nínú tíìmù Kánádà tó ń fojú sọ́nà fún Olympics ọdún 1980 ní Moscow. Àmọ́ ní December 1979 àwọn ọmọ ogun Sófíẹ́ẹ̀tì wọ Afghanistan, Amẹ́ríkà bínú pé àwọn ò lọ Moscow mọ́, Kánádà náà ní àwọn ò lọ, bí gbogbo ìmúra ọlọ́jọ́ pípẹ́ yẹn ṣe wọmi nìyẹn. Ló bá wọṣẹ́ ọlọ́pàá. Ọdún 14 ló fi ṣe ọlọ́pàá ní Toronto, ó tiẹ̀ ṣe èyí tí wọ́n máa ń bọ́ yúnífọ́ọ̀mù sílẹ̀ tí wọ́n á lọ jókòó sáàárín àwọn tó ń ta oògùn olóró bí ẹni pé ara wọn ni wọ́n. Ní 1994 ló kó lọ sí Melbourne torí ọmọ Ọsirélíà lọkọ tó fẹ́. Irú obìnrin báyẹn wá ni wọ́n ní kó lọ jókòó jẹ́ẹ́ máa retí ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Níbo!

Kí n tó máa bá ìtàn lọ, ẹ jẹ́ ká mọ ohun tí MS ń ṣe, torí tẹ́ ẹ bá mọ̀ ọ́n lẹ máa tó rí i pé kì í ṣe ṣèèṣì ló jẹ́ omi ni wọ́n lò. Àwọn ọmọ ogun ara tó yẹ kó máa bá àìsàn jà fúnra wọn ló máa ń kọjú ìjà sí ọ̀rá tó bo àwọn iṣan tó ń gbé iṣẹ́ ọpọlọ káàkiri ara, àwọn tó wà nínú ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn, bíi rọ́bà tó ń bó kúrò lára wáyà iná, tí iná á wá máa ṣe ségesège. Ibi tó bá ti bó nìyà ti máa jẹ èèyàn. Ojú ẹnì kan lè ṣàdédé ṣú, ẹsẹ̀ ẹlòmíì á kú tipiri, ẹlòmíì á máa ta gọ́ọ̀gọ́ọ̀ bí ẹni mutí yó, àárẹ̀ á sì wà lára ẹlòmíì tó jẹ́ pé tó bá sùn láti alẹ́ di ọ̀sán kò ní lọ. Kì í ràn. Àárín ogún ọdún sí ogójì ló sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, ó sì ń mú obìnrin gan-an ju ọkùnrin lọ. Lọ́dún 2020 wọ́n ṣírò ẹ̀ pé èèyàn bíi mílíọ̀nù 2.8 ló ní i káàkiri ayé, ní Ọsirélíà nìkan wọ́n lé ní 33,000 lọ́dún 2021. Ohun tó sì yani lẹ́nu ni pé béèyàn bá ṣe jìnnà sí àárín ayé tí oòrùn ti ń mú tó ni àìsàn náà ń pọ̀ tó, ìdí nìyẹn tí Tasmania tó wà nísàlẹ̀ pátápátá ní Ọsirélíà fi ní in ju Queensland tó wà lókè lọ.

Jean-Martin Charcot, dókítà Faransé kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ọsibítù Salpêtrière ní Paris, ló kọ́kọ́ ṣàlàyé MS dáadáa gẹ́gẹ́ bí àìsàn tó dá dúró, ọdún 1868 nìyẹn. Kò rí oògùn ẹ̀ o, ó kàn tò ó lẹ́sẹẹsẹ ni. Ní 1890, dókítà Jámánì kan, Wilhelm Uhthoff, kíyè sí i pé àwọn tó ní MS, tí wọ́n bá ti rìn tàbí ṣiṣẹ́ díẹ̀, ojú wọn á ṣàdédé di bàìbàì, tí wọ́n bá wá sinmi á padà máa ríran bíi tẹ́lẹ̀. Nígbà tó yá ni wọ́n tó wá mọ̀ pé ooru ni. Tí ara ẹni tó ní MS bá ti gbóná díẹ̀, iṣan tó ti bó yẹn ò ní lè gbé iṣẹ́ ọpọlọ dáadáa mọ́. Ẹ gbọ́ èyí ná, àwọn dókítà tiẹ̀ fìgbà kan máa ń kó aláìsàn sínú omi gbígbóná kí wọ́n lè mọ̀ bóyá MS ló ní, tí ara ẹ̀ bá ti burú sí i nínú omi yẹn wọ́n á ní a ti rí i! Mi ò mọ ẹni tó máa fẹ́ kí wọ́n ṣe irú ẹ̀ fún òun.

Torí ooru yìí náà ni wọ́n ṣe ń sọ fún wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún pé kí wọ́n má ṣeré ìdárayá, kí wọ́n sinmi, kí wọ́n má lo ara jù. Àìmọye èèyàn ló jókòó títí ẹsẹ̀ fi lẹ̀ mọ́ wọn lábẹ́, kì í sì í ṣe gbogbo ẹ̀ ni MS fà, ìjókòó náà fa tiẹ̀. Ìgbà tó di 1996 ni àwọn olùwádìí kan ní Utah l'Amẹ́ríkà gbé àbájáde jáde pé àwọn fi ọ̀sẹ̀ 15 kọ́ àwọn tó ní MS ní eré ìdárayá, ara wọn le sí i, àárẹ̀ wọn sì dín kù. 1996 ni mo sọ o, ọdún méjì péré kí wọ́n tó sọ ti Carol fún un. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ "lọ jókòó" tí wọ́n ń sọ kiri nígbà yẹn ti ń kúrò lóde, ó kàn jẹ́ pé kò tíì dé etí gbogbo èèyàn ni.

Omi wá ni ọ̀nà tí èèyàn lè gbà ṣeré ìdárayá kí ara ẹ̀ má gbóná jù. Pọ́ọ̀lù tí omi ẹ̀ tutù níwọ̀nba máa ń gba ooru kúrò lára béèyàn ṣe ń lo agbára, ó tún gbé èèyàn, ẹsẹ̀ tí ò lè gbé ara lórí ilẹ̀ mọ́ á rí ohun tó gbé e, kò sì sí pé èèyàn ṣubú lulẹ̀ fi orí gbá sìmẹ́ńtì. Ẹni tó ń fi igi rìn lórí ilẹ̀ lè ju igi sílẹ̀ létí pọ́ọ̀lù.

Ìyẹn ni ti omi. Ti owó náà ní ìtàn tiẹ̀. Ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ MS di ọ̀rọ̀ gbogbo èèyàn ni Sylvia Lawry ní New York. Àbúrò ẹ̀ tó ń jẹ́ Bernard ló ní i, ó gbé e káàkiri ọ̀dọ̀ dókítà kò rí ìrànwọ́, ló bá fi ìkéde kékeré kan sínú ìwé ìròyìn New York Times ní May 1945 pé ẹni tó bá ti ní MS rí tó sì ti sàn kó jọ̀ọ́ bá òun sọ̀rọ̀. Ìdáhùn wọlé lóòótọ́, àmọ́ ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó kọ̀wé náà ń wá ohun tó ń wá ni. Látibẹ̀ ló ti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní 1946, ẹgbẹ́ tó ń dáwó fún ìwádìí, àwọn orílẹ̀-èdè míì sì ń dá tiwọn sílẹ̀ níkọ̀ọ̀kan.

Kéèyàn lúwẹ̀ẹ́ ọ̀nà jíjìn, tàbí kó fi agbára ara ẹ̀ dáwó, ní Toronto ibi tí Carol dàgbà sí, kì í ṣe nǹkan tuntun. Lọ́dún 1954 ọmọbìnrin ẹni ọdún 16 kan, Marilyn Bell, lúwẹ̀ẹ́ já adágún Ontario wọ Toronto, èèyàn rẹpẹtẹ ló sì dúró létí omi tí wọ́n ń dúró dè é. Ní 1980, ọdún tí wọ́n gba Moscow lọ́wọ́ Carol gan-an, Terry Fox tí wọ́n ti gé ẹsẹ̀ ẹ̀ kan torí jẹjẹrẹ ń sáré kọjá láàárín Kánádà láti fi dáwó. Ní 1988 Vicki Keith lúwẹ̀ẹ́ já gbogbo adágún ńlá márààrún tó wà ní agbègbè ààlà Kánádà àti Amẹ́ríkà, ó fi dáwó fún àwọn ọmọ tó ní ìpèníjà ara. Mi ò sọ pé ara wọn ni Carol ti wò ó kọ́ o, mi ò sí nínú ọkàn ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbé Toronto láwọn ọdún yẹn, tó tún wá jẹ́ òmùwẹ̀, kò sí bí irú nǹkan báyẹn ò ṣe ní kọjá létí ẹ̀.

Ohun tó wá ṣe yàtọ̀ sí ti Bell àti ti Keith. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń lúwẹ̀ẹ́ níbi tiwọn, àwọn yòókù ń wòran. Carol sọ tiẹ̀ di ti tíìmù. Tíìmù kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní ẹnì kan nínú omi ní gbogbo ìgbà fún wákàtí 24, wọ́n á máa gba ara wọn, ẹnì kan jáde ẹnì kan wọlé, wọ́n á sì máa ka iye ìgbà tí wọ́n já pọ́ọ̀lù. Ẹni tó mọ̀ ọ́n wẹ̀ bí ẹja lè wà nínú tíìmù kan náà pẹ̀lú ẹni tó jẹ́ pé pátákó ló máa dì mú tí á máa fẹsẹ̀ ta omi, kò sẹ́ni tó máa lé e jáde. Kálukú á lọ bá ẹbí, ọ̀rẹ́, àwọn ará ibi iṣẹ́ ẹ̀ pé kí wọ́n dáwó lé òun lórí.

Ọ̀sán ni kò le. Òru ló le. Tó bá ti di nǹkan bí aago mẹ́ta òru, tí àwọn tó ń pariwo létí pọ́ọ̀lù ti sùn sínú tẹ́ǹtì àti bẹ́ẹ̀dì ìrìn-àjò, ẹni tó kàn á yọ ara ẹ̀ lójú oorun, á tún wọ aṣọ omi tó ti tutù nini yẹn, á dúró létí omi máa fi ìka ẹsẹ̀ tọ́ ọ wò, ẹni tó wà nínú omi á sì máa wò ó pé ṣé o ò ní wọlé ni. Oorun á máa da òǹkà rú mọ́ ẹni tó ń ka iye ìgbà lójú, wọ́n á ní 212, rárá 214 ni, wọ́n á jà á díẹ̀. Béèyàn bá ṣe èyí wákàtí mélòó kan, á mọ ìwọ̀nba nínú irú àárẹ̀ tí àwọn tó ní MS ń gbé jí lójoojúmọ́, ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé tiẹ̀ á lọ tó bá sùn.

Ibi tí wọ́n ń ná owó náà sí ló wú mi lórí jù. Owó ìwádìí pọndandan, mi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn ẹ̀, torí àwọn ìwádìí yẹn náà ló jẹ́ kí oògùn àkọ́kọ́ tó ń dẹ MS lọ́wọ́ jáde ní 1993. Àmọ́ owó Mega Swim, apá kan nínú ẹ̀ ń lọ fún ohun tí wọ́n ń pè ní Go for Gold Scholarships, ìyẹn owó tí wọ́n ń fún ẹni tó ní MS kó fi lépa ohun tó wù ú: iṣẹ́, ẹ̀kọ́, ìrìn àjò, orin, iṣẹ́ ọnà, eré ìdárayá. Ẹni tó fẹ́ kọ́ dùùrù lè béèrè, ẹni tó fẹ́ padà sí yunifásítì torí iṣẹ́ tó ń ṣe tẹ́lẹ̀ ti le jù fún un lè béèrè. Àwọn kan á ní ṣé owó àìsàn ni wọ́n ń ná sórí dùùrù ni, mo sì mọ irú wọn. Ọ̀rọ̀ wọn ò yàtọ̀ sí ti dókítà 1998 yẹn, torí lójú tiwọn tí wọ́n bá ti ní o ní àìsàn, oúnjẹ àti oògùn nìkan ló tún tọ́ sí ọ.

Látìgbà yẹn Mega Swim ti kúrò ní Melbourne nìkan. Ó ti dé Canberra, ó ti dé Hobart ní Tasmania níbi tí MS ti pọ̀ jù yẹn, owó tí wọ́n ti fi kó jọ ti di ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù dọ́là Ọsirélíà, ẹgbẹ́ tó ń jẹ́ MS Plus lónìí ló sì ń bójú tó o. Níbòmíì wọn ò fi dandan jẹ́ wákàtí 24 mọ́, wọ́n dín in kù kí àwọn ọmọdé àti àwọn tó ní MS fúnra wọn lè bá wọn ṣe é.

Carol náà ò jókòó. Ó kọ́kọ́ gbìyànjú eré fífi àjẹ̀ wa ọkọ̀ ojú omi, ìba díẹ̀ báyìí ló kù kó bá wọn lọ sí Paralympics, ìyẹn Olympics àwọn tó ní ìpèníjà ara, ní Beijing ní 2008, ló bá yí sórí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n fi ń sáré, ó gba góòlù ní London ní 2012, ó gba góòlù méjì ní Rio ní 2016 nígbà tó ti pé ẹni ọdún 55. Ní Tokyo, ẹni ọgọ́ta ọdún ni nígbà yẹn, ó gba fàdákà, lẹ́yìn náà ló ṣubú nínú eré tó kàn tí wọ́n fi gbé e lọ sọ́sibítù. Ọdún 2021 nìyẹn, ọdún mẹ́tàlélógún lẹ́yìn tí wọ́n ní kó lọ ṣètò ilé ẹ̀.