Ìwé ìbéèrè CHAQ ní èdè Lárúbáwá

CHAQ ni ìwé ìbéèrè tí àwọn dókítà fi ń mọ bí àrùn oríkèé ara ṣe ń dí ọmọdé lọ́wọ́ nínú iṣẹ́ ojoojúmọ́. Àrùn náà, tí wọ́n ń pè ní JIA, máa ń bẹ̀rẹ̀ kí ọmọ tó pé ọdún 16, oríkèé á sì wú fún ọ̀sẹ̀ 6 ó kéré tán láìsí ìdí kan pàtó. Gurkirpal Singh àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ló gbé ìwé náà jáde ní ọdún 1994, láti ara èyí tí wọ́n ti ń lò fún àwọn àgbàlagbà.

Ìbéèrè 30 ló wà nínú rẹ̀, lábẹ́ ẹ̀ka 8, bíi wíwọṣọ, dídìde, jíjẹun àti rírìn. Òbí, tàbí ọmọ tó ti gbọ́njú, á fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní máàkì láti 0, tí kò ṣòro rárá, dé 3, tí kò lè ṣe é. Máàkì tó ga jù lọ nínú ẹ̀ka kan ni wọ́n máa ń kà fún ẹ̀ka náà. Nítorí òfin yìí, ìbéèrè kan ṣoṣo tí kò bá ìgbé ayé ẹbí mu lè gbé máàkì odidi ẹ̀ka sókè láìjẹ́ pé àìsàn ọmọ náà le sí i.

Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ àwọn tó ń gbé e lọ sí èdè Lárúbáwá ti pọ̀ jù. Ìwé ìpilẹ̀ṣẹ̀ béèrè nípa wíwẹ̀ nínú ọpọ́n ńlá, ṣíṣí páálí tuntun tí oúnjẹ ọkà àárọ̀ (cereal) wà nínú rẹ̀ àti gígun kẹ̀kẹ́. Ó tún béèrè bóyá ọmọ lè jókòó sórí àga ìgbọ̀nsẹ̀ kó sì dìde, nígbà tó jẹ́ pé lótìítọ́ ọ̀pọ̀ ilé ní àwọn ìlú Lárúbáwá ló ní èyí tí wọ́n ń lóṣòó sí, tó ń fi ìnira bá orúnkún àti ìbàdí ju ìjókòó lọ. Kò sì mẹ́nu ba ìforíkanlẹ̀ nínú ìrun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ Mùsùlùmí tí orúnkún rẹ̀ wú á tètè mọ ìnira rẹ̀. Nítorí náà, ohun tí a ń wá láti fi rọ́pò ìbéèrè tí kò bá ìgbé ayé wọn mu ni iṣẹ́ mìíràn tó ń lo oríkèé kan náà.

Èdè fúnra rẹ̀ ní ìṣòro tirẹ̀. Lárúbáwá inú ìwé kan náà ni wọ́n fi ń kọ́ ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ láti Mòrókò dé Omani, ṣùgbọ́n ti ẹnu ojoojúmọ́ yàtọ̀ láti ìlú dé ìlú, ìyá tí kò kàwé sì lè má lóye ti inú ìwé dáadáa. Àwọn olùwádìí ní Mòrókò tẹ àyẹ̀wò ẹ̀dà tiwọn jáde ní ọdún 2010. Ọ̀rọ̀ ìṣe Lárúbáwá tún ń ya ọkùnrin sọ́tọ̀ kúrò lára obìnrin, èyí tí “ó” Yorùbá kò ní í dààmú nípa rẹ̀. Nítorí pé láti ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n ti ń kàwé, ó gbọ́dọ̀ hàn kedere ibi tí “kò sí ìrora” wà lórí ìlà ìrora, ìyẹn ìlà tí wọ́n máa ń fàmì sí láti fi bí ìrora ọmọ ṣe tó hàn, kí ọmọ tí ara rẹ̀ yá má baà dà bí ẹni tó ń jẹ̀rora.

Ìlànà tí ọ̀pọ̀ ń tẹ̀lé ni pé ju ẹnì kan lọ á túmọ̀ rẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹlòmíràn tí kò rí ìwé ìpilẹ̀ṣẹ̀ á dá a padà sí Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́yìn náà ni àwọn òbí á kà á tí wọ́n á sì sọ ohun tó yé wọn. Wọ́n á tún wò ó bóyá máàkì rẹ̀ bá iye oríkèé tó wú mu. Bí ẹ̀dà kan tilẹ̀ yege nínú gbogbo èyí, kò lè mú àbùkù ìwé ìpilẹ̀ṣẹ̀ kúrò: ọ̀pọ̀ ọmọ tí àrùn wọn kò le ló máa ń gba 0, tí ìyípadà díẹ̀ lára wọn kò sì ní hàn nínú rẹ̀.