Ta Ló Rọ Haile Selassie Lóyè?

Ìbéèrè: Haile Selassie lo ọdún 44 lórí ìtẹ́ ní Etiópíà, wọ́n sì ní ìran Sólómọ́nì ọba ni. Kò sí ẹgbẹ́ kọ́múníìsì tó lẹ́nu nílùú nígbà náà. Báwo ni kọ́múníìsì ṣe wá gba ààfin?

Ìdáhùn: Ọ̀rọ̀ omi ló dá a sílẹ̀. Ní oṣù Kìíní 1974, ẹ̀rọ tó ń fa omi fún àwọn ṣójà tó wà ní bárékè Negele, ní gúúsù, bàjẹ́. Omi àwọn ọ̀gá wọn wà níbẹ̀, àmọ́ wọn ò jẹ́ kí wọ́n bù ú. Oúnjẹ wọn náà kò ṣeé fẹnu kàn. Ni wọ́n bá ti àwọn ọ̀gá mọ́lé. Ọba rán jẹ́nẹ́rà kan láti wá pẹ̀tù sí wọn nínú. Wọ́n mú òun náà, wọ́n ní kó jẹ ohun tí àwọn ń jẹ, kó mu ohun tí àwọn ń mu. Ìròyìn tàn dé bárékè mìíràn. Nígbà tó fi di oṣù Kejì, epo bẹntiróòlù ti gbówó lórí, àwọn onítakisí, àwọn tíṣà àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì ti gba ìgboro Addis Ababa.

Ìbéèrè: Ọba yìí ti borí ọ̀tẹ̀ rí, ní 1960. Kí ló dé tí kò borí èyí?

Ìdáhùn: Ìyàn ni. Láti 1972 ni ebi ti ń pa àwọn ará Wollo, ní àríwá, ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn ló kú, ìjọba sì bò ó mọ́lẹ̀ títí akọ̀ròyìn ará Bìrìtìkó kan fi ya fíìmù rẹ̀ ní 1973. Ní alẹ́ ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án 1974, àwọn ṣójà fi fíìmù náà hàn lórí tẹlifíṣọ̀n, wọ́n sì fi àwòrán àríyá ààfin há a láàárín: ọmọ tí ebi ti sọ di egungun, lẹ́yìn náà àsè ọba. Lójú tèmi, alẹ́ yẹn ni adé ṣí lórí rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n ka ìwé ìrọ̀lóyè sí i létí, wọ́n sì fi bàbá ẹni ọdún 82 náà sí ẹ̀yìn Volkswagen kékeré, irú èyí tí àwa ń pè ní ìjàpá. Bí wọ́n ṣe ń gbé e lọ ni àwọn èrò ń pariwo "Olè! Olè!"

Ìbéèrè: Ṣé kọ́múníìstì ni àwọn ṣójà náà?

Ìdáhùn: Rárá. Derg ni wọ́n ń pè wọ́n, ìyẹn "ìgbìmọ̀" ní èdè wọn. Wọ́n tó 120, kò sì sí ẹni tí ipò rẹ̀ ga ju méjọ̀ lọ nínú wọn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló ń ka ìwé Marx, ẹni tí àwọn kọ́múníìstì ń tẹ̀ lé. Láti 1965 ni wọ́n ti ń kígbe pé kí ilẹ̀ di ti ẹni tó ń ro ó. Àwọn ṣójà gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu wọn. Ní oṣù Kejìlá 1974 wọ́n kéde sósíálíìsì; ní oṣù Kẹta 1975 wọ́n gba gbogbo ilẹ̀ oko, wọ́n ní ìdílé kan ò gbọdọ̀ ro ju hẹ́kítà 10 lọ, wọ́n sì fòpin sí ìṣákọ́lẹ̀. N ò lè bẹnu àtẹ́ lu ìyẹn. Àgbẹ̀ gúúsù tó ti ń fi ìdajì ìkórè rẹ̀ fún onílẹ̀ mọ ohun tó rí gbà.

Ṣùgbọ́n àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní kí ṣójà padà sí bárékè. Mengistu Haile Mariam, ọ̀kan nínú àwọn Derg, tó gba gbogbo agbára ní 1977, dúró ní gbàgede, ó fọ́ ìgò tí omi pupa kún inú wọn mọ́lẹ̀, ó ní bí ẹ̀jẹ̀ àwọn ọ̀tá yóò ṣe ṣàn nìyẹn. Ó sì ṣàn. Òkú àwọn ọ̀dọ́ ń sùn títì mọ́jú. Nígbà mìíràn, ẹbí tó bá fẹ́ gba òkú ọmọ wọn yóò san owó ọta tí wọ́n fi pa á. Ìyàn mìíràn tún dé ní 1984, Derg náà sì bò ó mọ́lẹ̀ kí ó má baà ba àjọ̀dún ọdún 10 wọn jẹ́.

Ìbéèrè: Ọba ńkọ́?

Ìdáhùn: Ní oṣù Kẹjọ 1975 ni wọ́n kéde pé ó ti wàjà, wọ́n ní àìsàn ni. Mengistu sá lọ sí Zimbabwe ní 1991. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n hú egungun ọba lábẹ́ ilẹ̀ ààfin, ó sì di oṣù Kọkànlá 2000 kí wọ́n tó sin ín sí Kàtídírà Mẹ́talọ́kan Mímọ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Menen, ìyàwó rẹ̀.